Ẹ yọ èyí tó kú kẹ́ ẹ tó fi tuntun kún un

Ẹ ní ọ̀kan nínú sáfà mẹ́ta tí etcd yín (ibi ìpamọ́ dátà tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ jọ ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀) ń lò ti kú, ẹ wá ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi tuntun kún un ni àbí kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ òkú. Ẹ yọ òkú ná.

Raft, ìlànà tí àwọn sáfà etcd fi ń fohùn ṣọ̀kan lábẹ́ olórí kan, kì í wo iye àwọn tó wà láàyè. Iye orúkọ tó wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń kà, àwọn tó ju ìdajì lọ ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí nǹkan kó tó dúró. Nínú orúkọ mẹ́ta, méjì ti tó. Tẹ́ ẹ bá fi ìkẹrin kún un nígbà tí òkú ṣì wà níbẹ̀, iye tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí nǹkan á di mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ méjì péré ló ń mí. Tí tuntun yẹn ò bá wá dìde, bóyá torí àdírẹ́sì tẹ́ ẹ ṣì kọ, iṣẹ́ dúró pátápátá nìyẹn: ẹ ò tiẹ̀ ní lè yọ ọ́, torí yíyọ náà ń fẹ́ ìbò. Ìdí nìyẹn tí etcd fi ń pariwo `unhealthy cluster` tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ìkẹrin kún un. Ẹ má tìtorí ẹ̀ pa `--strict-reconfig-check`, àyẹ̀wò tó ń kọ irú àfikún bẹ́ẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Lẹ́yìn `member remove`, orúkọ á ku méjì, àwọn méjèèjì ló sì gbọ́dọ̀ wà láàyè, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kẹ́ ẹ tó ṣe `member add --learner`. Learner, ọmọ ẹgbẹ́ tó ṣì ń gba ẹ̀dà dátà lọ́wọ́ olórí, kì í dìbò. Ẹ fi `--initial-cluster-state existing` àti àpò dátà tó ṣófo gbé e dìde, lẹ́yìn náà `member promote`. Tó bá kọ̀, kò tíì lé olórí bá ni. Ẹ ní sùúrù.

Ibi tó léwu jù ni kí ẹ̀rọ tí dísíìkì rẹ̀ ti nù padà wá pẹ̀lú ID àtijọ́. Ká ní A tó jẹ́ olórí àti B ti fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ dátà nọ́ńbà 500, C ò tíì gbà á. B pàdánù dísíìkì, ó tún padà bíi B kan náà. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì A bá já báyìí, B àti C á yan olórí tí kò mọ 500 rí. Ohun tẹ́ ẹ ti sọ fún oníbàárà pé ó wọlé ti pòórá. Tẹ́ ẹ bá rí `tocommit is out of range`, irú ẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́: ẹ yọ ẹ̀rọ náà, kẹ́ ẹ fi kún un ní tuntun.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń kọ Raft, ẹ má yí ju ẹ̀rọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn nìkan ò tó: ní 2015, Diego Ongaro, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe Raft, kéde àṣìṣe kan nínú ọ̀nà yẹn. Olórí tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fìdí àkọsílẹ̀ kan múlẹ̀ ní sáà tirẹ̀ kó tó yí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ padà. Àkọsílẹ̀ tó ṣófo pàápàá ti tó.