Ìwé tí o fi pamọ́ sábẹ́ àpò fúláwà

Lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn lónìí wá láti Ilé-Ifẹ̀. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Búrẹ́dì ni mò ń ṣe n'Ífẹ̀ níbí. Ọmọ ọdún 34 ni mí, ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo gbéyàwó, a ò tíì rí ọmọ bí. Ìyàwó mi ti ṣe gbogbo àyẹ̀wò, títí kan èyí tí wọ́n fi ya àwòrán ọ̀nà ilé ọmọ. Ó di ikùn mú délé lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é, pé ọkọ ló kù. Ọdún kan gbáko ni mo fi sá. Nígbà tó yá, mo lọ ní kọ̀rọ̀. Ilésà ni mo lọ, torí pé àwọn tó wà ní ilé àyẹ̀wò n'Ífẹ̀ ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi. Ilé ni mo ti gba àtọ̀ náà sínú ìgò oògùn ikọ́ tí mo fi ọṣẹ fọ̀ mọ́ tónítóní. Ó ti tó ọjọ́ 12 tí mi ò ti sún mọ́ ìyàwó mi. Èyí tó kọ́kọ́ jáde dà sílẹ̀ díẹ̀. Mọ́tò ò tètè kún ní gáréèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì kí n tó débẹ̀. Ibà líle sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni 1.2, mílíọ̀nù 11, ìdá 24, ìdá 4. Ẹ̀gbọ́n mi, mẹ́rin péré ló dáa nínú ọgọ́rùn-ún! Ó ti pé oṣù méjì báyìí, abẹ́ àpò fúláwà ni mo fi ìwé náà sí, ìyàwó mi ò mọ̀. Màámi ti ń wá ìyàwó mìíràn fún mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ gba abẹ́rẹ́ testosterone, èròjà ọkùnrin tí àwọn tó ń gbé irin ń gbà, pé á sọ mí di ọkùnrin padà. Ṣé kí n gbà á? Ṣé ayé mi ti bàjẹ́ nìyí?"

Àbúrò mi, o kú ìrọ́jú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ kí n tó mú gègé. Ìwọ nìkan lo ti ń dá ẹrù yìí rù láti oṣù méjì, o sì ń jí lóru lọ po fúláwà kí gbogbo àdúgbò lè rí búrẹ́dì jẹ láàárọ̀. Ayé rẹ ò bàjẹ́. Ìwé yẹn ò tíì sọ ohun kan tó ṣe é gbára lé, ọ̀rọ̀ tí ìwọ fúnra rẹ kọ ni n ó sì fi ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ọ.

Jẹ́ ká ti orí ìdá 4 yẹn bẹ̀rẹ̀, torí mo rí i pé òun ló gba oorun lójú rẹ. Bí oníbúrẹ́dì bá yọ ọgọ́rùn-ún búrẹ́dì nínú ààrò, tó jẹ́ pé mẹ́rin péré ló ṣe é tà, ó ti jẹ gbèsè nìyẹn. Ojú yẹn lo fi wo ìwé náà. Àmọ́ àtọ̀ ọmọ ènìyàn ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ abìrù ló ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, àwọn tí dókítà ń pè ní sípáàmù, ìrísí wọn ni nọ́ńbà ìkẹyìn yẹn ń sọ: ṣé orí rẹ̀ rí bí ẹyin, ṣé ọrùn rẹ̀ ò tẹ̀, ṣé ìrù rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan tó gùn dáadáa. Ojú tí wọ́n fi ń wò ó le gan-an débi pé èyí tó pọ̀ jù nínú sípáàmù gbogbo ọkùnrin, àti àwọn tó ti bí ọmọ mẹ́jọ, kì í yege. Nínú ìwé atọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2021, ìdá 4 ni wọ́n fa ìlà sí. Ìdá 4 náà ni tìrẹ. Ohun tó ń pa ọ́ lẹ́kún láti oṣù méjì ni ibì kan ṣoṣo tí o ti yege nínú ìwé náà.

Mi ò ní tàn ọ́, àwọn tó kù kéré. 1.2 ni ìwọ̀n àtọ̀ náà, mìlílítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ìlà rẹ̀ sì wà ní 1.4. Mílíọ̀nù 11 ni iye sípáàmù tó wà nínú mìlílítà kan, ìlà tirẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 16. Ìdá 24 ni àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ síwájú, ìlà tiwọn jẹ́ 30. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe fa ìlà wọ̀nyẹn. Èsì àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn lóyún láàárín ọdún kan ni wọ́n kó jọ, wọ́n tò ó láti orí èyí tó kéré jù, ibi tí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún parí sí ni wọ́n sì fa ìlà sí. Ó túmọ̀ sí pé àwọn márùn-ún yẹn wà nísàlẹ̀ ìlà, bàbá ọmọ sì ni wọ́n. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ ìlà, ó lè pẹ́ kó tó rí ọmọ, ó sì lè nílò ìrànlọ́wọ́ dókítà. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò lè bímọ láéláé.

Ó wá ku bí o ṣe gba àtọ̀ náà. Ọkàn mi gbọgbẹ́ nígbà tí mo dé ibẹ̀ nínú lẹ́tà rẹ, torí pé gbogbo ohun tó lè ba àyẹ̀wò yìí jẹ́ ló ṣẹlẹ̀ sí ọ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ẹni tó jókòó tì ọ́ kó bi ọ́ léèrè. Ọṣẹ tó bá kù lára ìgò, bó ti wù kó kéré tó, ń pa sípáàmù. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ni sípáàmù máa ń pọ̀ sí jù, òun gan-an ló sì dà sílẹ̀. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé ìwọ̀n rẹ̀ dín, tí iye rẹ̀ náà sì dín. Wọ́n fẹ́ kí àtọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó má sì ju wákàtí kan lọ rárá, torí bí ó bá ṣe ń pẹ́ ni àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ á máa rọ. Wákàtí méjì ni tìrẹ lò. Ọjọ́ 12 sì ti pọ̀ jù. Wọ́n fẹ́ kí ọkùnrin ti sinmi ó kéré tán ọjọ́ 2, kó má ju ọjọ́ 7 lọ, nítorí èyí tó bá pẹ́ nínú ara jù máa ń ti kú tàbí kó ti rẹ̀ ẹ́.

Ibà yẹn náà wà níbẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 74 ni ara fi ń ṣe sípáàmù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kórópọ̀n sì fẹ́ ibi tó tutù ju inú ara lọ ní ìwọ̀n bíi 2 sí 4 lórí tẹmọ́mítà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Ẹlẹ́dàá fi so ó síta. Nígbà tí ibà mú gbogbo ara rẹ gbóná, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú kórópọ̀n nígbà náà fara gbá a. Àwọn wọ̀nyẹn lo gbé lọ sí Ilésà. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ 11 báyìí tí ibà náà ti lọ, èyí tó wà lára rẹ lónìí kì í ṣe àwọn yẹn mọ́. Àsìkò tó láti tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì, ó kéré tán, ló yẹ kéèyàn ṣe àyẹ̀wò yìí kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé báyìí ló rí.

Má gba abẹ́rẹ́ yẹn o. Mo bẹ̀ ọ́, àbúrò mi, má gbà á. Inú kórópọ̀n ni ara fúnra rẹ̀ ti ń ṣe testosterone. Bí ọpọlọ bá rí i pé ó ti kún inú ẹ̀jẹ̀ láti ìta, kò ní rán iṣẹ́ sí kórópọ̀n mọ́, kórópọ̀n á sì káwọ́ lẹ́rán, kò ní ṣe sípáàmù mọ́. Apá á le, àyà á yọ, àtọ̀ á sì ṣófo. Àwọn ọkùnrin kan gbà á títí kò fi ku ẹyọ kan nínú tiwọn, ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó padà, nígbà mìíràn ó ń lé ní ọdún. Ọ̀rẹ́ rẹ ò fẹ́ ibi fún ọ, kò mọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ tó ní á "sọ ọ́ di ọkùnrin padà" yẹn dùn mí. Ìgbà wo lo kúrò ní ọkùnrin? Akúra lọ̀tọ̀, àtọ̀ lọ̀tọ̀. Ẹni tí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa lè má ní sípáàmù nínú, ẹni tó sì ní i tó pọ̀ lè ní ìṣòro níbi tọ̀hún. Nítorí náà, páragà àti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n ń tà ní gáréèjì kò kan ohun tó wà nínú ìwé rẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń sọ pé àtọ̀ tó ki ló ń bímọ, èyí tó ṣàn kì í bí. Ojú lásán ò lè rí sípáàmù. Ọdún 1677 ni Antonie van Leeuwenhoek, oníṣòwò aṣọ kan ní Netherlands, fi gíláàsì kékeré tó ṣe fúnra rẹ̀ rí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣáájú ìgbà náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan kan ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

Bí o bá fẹ́ tún un ṣe, ka ọjọ́ 3 tàbí 4 lẹ́yìn tí ìwọ àti ìyàwó rẹ bá sùn pọ̀, kí o lọ láàárọ̀. Gba ike ẹlẹ́nu gbàràmù tó mọ́ lọ́wọ́ wọn. Béèrè bóyá wọ́n ní yàrá, kó o gbà á níbẹ̀. Tọ̀, fọ ọwọ́ àti ojú ara rẹ, fi omi ṣan ọṣẹ kúrò, nu ún gbẹ. Má lo òróró, má lo itọ́, má lo rọ́bà ìdáàbòbò. Bí ẹ̀kán kan bá dà sílẹ̀, sọ fún wọn, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kọ aago tí o gbà á sára ike. Bó bá di dandan kó o gbà á nílé, abẹ́ aṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ, ni kó wà títí o fi máa débẹ̀, má gbé e sínú oòrùn, má sì gbé e kọjá níwájú ààrò. Bí ojú bá ṣì ń tì ọ́ n'Ífẹ̀, ilé ìwòsàn Wesley Guild wà ní Ilésà, abẹ́ OAUTHC kan náà, ìyẹn àwọn ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni òun àti ilé ìwòsàn ńlá ti Ifẹ̀ wà. Àmọ́ bí Ilésà lo bá ń lọ, Ilésà ni kó o ti gbà á. Má jẹ́ kó wọ mọ́tò mọ́.

Bí èkejì náà bá kéré, dókítà tó ń tọ́jú ọ̀ràn ọkùnrin ni kó o lọ bá. Á fọwọ́ wo kórópọ̀n rẹ bóyá iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ wú, tó lọ́ mọ́ra bí okùn, ìyẹn wọ́pọ̀, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Á bi ọ́ bóyá o ti ní àtọ̀sí rí, bóyá abẹ́ etí rẹ wú rí lẹ́yìn tó o bàlágà, tó sì ran kórópọ̀n, bóyá o ń mu sìgá. Sọ òtítọ́ fún un. Sọ̀rọ̀ ààrò náà fún un pẹ̀lú. Láti ìsinsìnyí, jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ rẹ máa bá ọ dúró níwájú iná, máa jáde síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí ọ, kí o sì fi ṣòkòtò tó fún kalẹ̀. Kódà ẹni tí sípáàmù rẹ̀ kéré jọjọ ṣì ní ọ̀nà. Láti ọdún 1992 ni àwọn dókítà ní Belgium ti fi hàn pé a lè fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gbé ẹyọ sípáàmù kan ṣoṣo sínú ẹyin obìnrin, kó sì di ọmọ. Ó wọ́n owó, mi ò ní kó o sáré lọ síbẹ̀, mo kàn fẹ́ kó o mọ̀ pé ọ̀nà jìn síwájú ju ibi tí o jókòó sí lọ.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ ló kù. Àbúrò mi ọkùnrin kan wà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń wá ọmọ fún ọdún mẹ́fà. Ọdún mẹ́fà yẹn, ìyàwó ló ń mu àgbo, ìyàwó ló ń gbààwẹ̀, ìyàwó là ń gbé kiri. Èmi wà lára àwọn tó ń gbé e kiri. Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ kan tó ń bì lẹ́yìnkùlé wa nítorí àgbo kan tí èmi fọwọ́ ara mi gbé lé e lọ́wọ́, tí mo tún ní kó mu ìyókù. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó sọ pé kí àbúrò mi lọ ṣe àyẹ̀wò. Ìgbà tó lọ nígbẹ̀yìn, iṣan tó wú ni wọ́n rí. Wọ́n ti bímọ báyìí, ṣùgbọ́n mi ò tíì bọ́ nínú ẹ̀bẹ̀ tí mò ń bẹ ìyàwó náà.

Ìyàwó rẹ di ikùn mú délé nítorí ọmọ tí ẹ jọ ń wá. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, òun ni ìyá rẹ rò pé ó ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ sì lè ti máa rò bẹ́ẹ̀. Ìwọ nìkan lo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Sọ fún un. Sọ fún un pé o lọ, pé ẹ̀rù bà ọ́, pé bí o ṣe ṣe é kò tọ̀nà, pé o máa tún un ṣe, o sì fẹ́ kó bá ọ lọ. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jọ pinnu ohun tí ẹ máa sọ fún màmá, ṣùgbọ́n ìwọ ni kó o sọ ọ́ fún wọn, kì í ṣe òun. "Màámi, èmi náà ń gba ìtọ́jú, ẹ má wá ẹnikẹ́ni fún mi" ti tó.

Lálẹ́ òní, nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá ti lọ, gbé àpò fúláwà yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbọn ìwé náà dáadáa, ká a sápò, kí o mú un lọ sílé fún un.