Ṣé Mẹ́rin Ò Kúkú Ju Méjì Lọ Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kékeré kan ní Apẹ̀tẹ̀, n'Íbàdàn, project àwọn ọmọ Poly la máa ń tẹ̀ jù, a tún ń ṣe fọ́tókọ́pì. Tó bá ti dalẹ́, àbúrò mi ọkùnrin á gba kọ̀ǹpútà yẹn lọ́wọ́ mi, òun máa ń gé fídíò òde ìyàwó. Tokunbo ni, Core 2 Duo E8400 ni processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tó wà nínú ẹ̀. Ọ̀gá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wá ní kí n gbé E8400 yẹn fóun kí n fowó díẹ̀ lé e, òun á fún mi ní Core 2 Quad Q6600, ó ní mẹ́rin ni mẹ́rin ń jẹ́, ìlọ́po méjì ló máa fi yára. Àmọ́ 3.0 GHz, ìyẹn eré tó ń sá, ni wọ́n kọ sára tèmi, 2.4 ló wà lára tiẹ̀. Èwo gan-an ló yára jù? — Ìyá Kọ̀ǹpútà, Apẹ̀tẹ̀

ÌDÁHÙN: Ìyá Kọ̀ǹpútà, ẹ kú ọjà o. Ọ̀gá yẹn ò parọ́ pátá, ó kàn fi ibi tó dùn létí sọ fún yín ni.

Q6600 ló ṣáájú, January 2007 ló jáde. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin, tí wọ́n ń pè ní core, ló wà nínú ẹ̀, kálukú wọn ń sáré 2.4. E8400 dé ní January 2008, òṣìṣẹ́ méjì péré, àmọ́ 3.0 ni kálukú wọn ń sá, wọ́n sì tún já fáfá ju àwọn ti Q6600 lọ díẹ̀ torí iṣẹ́ ọwọ́ tuntun ni, 45 nanometer, tí ti Q6600 jẹ́ 65, bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ṣe tuntun tó. Ní báyìí, ẹ ṣí Word, ẹ ń tẹ project. Iṣẹ́ yẹn dà bí ata lórí ọlọ, ẹnì kan ṣoṣo ló lè lọ̀ ọ́, àwọn tó kù á kàn káwọ́ gbera ni. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ yá jù lẹ máa fún lọ́lọ, E8400 nìyẹn, tiyín tẹ́ ẹ ti ní nílé tẹ́lẹ̀. Ó fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin yá ju Q6600 lọ, ó tún lé díẹ̀.

Ti àbúrò yín ló yàtọ̀. Tó bá ti gé fídíò tán tó wá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ di fáìlì kan, iyán òde ìyàwó nìyẹn, odó kan, ọmọ odó mẹ́rin, wọ́n á jọ máa gún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi 2.4 lọ́nà mẹ́rin, 9.6. Ẹ fi 3.0 lọ́nà méjì, 6. Kì í ṣe ìlọ́po méjì tí ọ̀gá yẹn ń pè o, fídíò tó ń gba E8400 ní wákàtí kan àtààbọ̀ ni Q6600 á ṣe tán ní bíi wákàtí kan, ìyẹn tí sọ́fútíwíà tó ń lò bá mọ bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Kí n tún sọ ọ̀kan tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Mẹ́rin inú Q6600 yẹn, wọn kì í ṣe ọmọ ilé kan náà. Méjì-méjì ni Intel tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ irin kan, tí méjì apá ọ̀tún bá fẹ́ bá méjì apá òsì sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ bọ́ sójú títì kí wọ́n tó lè wọlé kejì, títì yẹn náà sì ni gbogbo ẹrù tó ń bọ̀ láti inú RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ń gbà. 1066 ni títì tiẹ̀ ń sá, ti E8400 ń sá 1333. Ẹ rí i pé agolo kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ẹ̀ yàtọ̀.

Ooru wá ni tèmi. E8400, 65 wáàtì. Q6600 tó kọ́kọ́ jáde, 105, èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ẹ̀, 95. Kẹ́ ẹ tó gbà á, ẹ ní kó nu ojú ẹ̀ kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n fín sára irin yẹn: SLACR ni ti 95, SL9UM ni ti 105, tẹ́ ẹ bá rí SL9UM ẹ dá a padà fún un. Mo ti jẹ ìyà ẹ̀ rí. Mo ki Q6600 bọ inú kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan, mo sì fi fáànù kékeré tó ń lò tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹ̀, paste ibẹ̀, ìyẹn ìpara tó ń gbé ooru lọ sábẹ́ fáànù, ti gbẹ bí ògì tí wọ́n gbàgbé sórí asẹ́, èmi náà ò pààrọ̀ ẹ̀, ọ̀lẹ ni mo ṣe. Ariwo tó ń pa, ẹ máa rò pé ẹlẹ́rọ ata ti dé àdúgbò. Ó ku díẹ̀ kí fídíò parí ló bá pa ara ẹ̀, pàú! Àṣé ooru ti dé ọrùn.

Ẹ má tún jẹ́ kó dá a pààrọ̀ lẹ́yìn yín o. Irú èyí, ara màdàbọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí processor jókòó lé, ni àwọn abẹ́rẹ́ ẹ̀ wà, 775 ni wọ́n, wọ́n tín-ín-rín gan-an, tí ọwọ́ bá fi lè yẹ̀ tí ọ̀kan tẹ̀, wàhálà dé. Kì í sì í ṣe gbogbo màdàbọ́ọ̀dù 775 ló mọ Q6600, kó tàn án lójú yín kówó tó jáde.

Èyí tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni: màá fi E8400 sílẹ̀, màá fowó yẹn ra SSD 120GB, ibi ìkó-nǹkan-pamọ́ tó yára ju hard disk lọ, kí RAM sì pé 4GB. Kọ̀ǹpútà tó ń fa ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí Word, hard disk àtijọ́ yẹn ló sábà ń fà á. Tí àbúrò yín bá ní àfi mẹ́rin náà, kó wá Q9550 tó bá jẹ́ pé màdàbọ́ọ̀dù gbà á, 2008 ló jáde, 2.83 ló ń sá, 95 wáàtì, ó ju Q6600 lọ lọ́sàn-án ó jù ú lọ lóru. Kó sì san án fúnra ẹ̀, òun ló ń gún iyán.

ÌBÉÈRÈ: Q6600 lèmi ń lò ní tèmi. Ṣé mo lè fi Windows 11 sí i? — Òǹkàwé, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Rárá o. Láti 24H2, ẹ̀dà tó jáde ní 2024, Windows 11 ń béèrè àṣẹ kan tó ń jẹ́ POPCNT, Q6600 ò ní in, E8400 náà ò ní in, kò tiẹ̀ ní tàn rárá. Windows 10 náà, October 14, 2025 ni Microsoft jáwọ́ ńbẹ̀. Ẹ gbìyànjú Linux Mint Xfce, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, pẹ̀lú LibreOffice tó lè rọ́pò Word, ẹ kọ́kọ́ tàn án láti orí flash láì fi kan disk yín, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó máa dá printer yín mọ̀.