Gìtá ayé ìgbà Fernando Sor: okùn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ẹ ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra gìtá kan tí wọ́n ṣe ní àwòkọ ti René Lacôte, oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń ṣe gìtá ní Paris láyé ọjọ́un, pé ohùn rẹ̀ há, ẹ sì ń béèrè bóyá kí ẹ gé èékánná ọwọ́ ọ̀tún yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta irú gìtá bẹ́ẹ̀, ojú mi sì rí nǹkan kí ọwọ́ mi tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má tíì fọwọ́ kan èékánná. Ẹ yẹ okùn rẹ̀ wò ná.

Àwọn gìtá tí wọ́n ń ṣe ní Paris, Vienna àti London láàárín ọdún 1800 sí 1850 kéré ju tòde òní lọ, igi wọn sì fẹ́lẹ́. Ìfun ẹran ni wọ́n fi ń ṣe okùn mẹ́ta tó ń dún tín-ín-rín, wọ́n sì ń fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wé òwú sẹ́dà fún mẹ́ta tó ń dún kíkẹ̀. Okùn nylon tó le, èyí tí wọ́n ń tà fún gìtá tí gígùn okùn rẹ̀ jẹ́ 650 mílímítà, lè fa irú igi bẹ́ẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Mo ti rí èyí tí pákó tí wọ́n so okùn mọ́ ṣí kúrò lójú gìtá pátápátá. Èyí tí kò sì ṣí, ohùn rẹ̀ a há gẹ́gẹ́ bí tiyín ṣe há yìí. Ẹ wá ìfun tàbí nylon tó rọ̀, kí ẹ sì dẹ okùn náà sílẹ̀ díẹ̀, kí ohùn A tí a fi ń tún ohùn ṣe wà ní nǹkan bí 430 Hz dípò 440 Hz ti òde òní.

Ní ti èékánná, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ti àtijọ́. Fernando Sor, ará Spain tó ń ta gìtá tó sì ń kọ orin fún un, kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti 1830 pé òun kò fi èékánná ta gìtá, kò sì fẹ́ràn ohùn rẹ̀ rárá, àmọ́ ó yọ Dionisio Aguado, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń lo èékánná, sọ́tọ̀. Sor náà ló kọ orin kan, Op. 41 (ìyẹn iṣẹ́ rẹ̀ tó ní nọ́ńbà 41), tí àwọn méjèèjì yóò jọ máa ta.

Lójú tèmi, ẹran ìka ló dára láti fi bẹ̀rẹ̀, torí pé òun ni yóò kọ́ yín láti má fipá mú okùn. Ẹ gbé ẹran orí ìka lé okùn, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí ìhà ojú gìtá, kí ẹ tó jẹ́ kó lọ. Ẹ má ṣe fi ìka há okùn gbé e sókè, ẹ má sì jẹ́ kí ìka náà sùn lé okùn tó tẹ̀ lé e. Àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ni yóò ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ìka òrùka ń bọ̀ nígbà tí ohùn mẹ́rin bá ní láti dún pọ̀. Ọmọńdinrín lè sinmi lójú gìtá, ṣùgbọ́n ẹ gbé e kúrò ní kété tí ọwọ́ bá ti ń le. Àwọn ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nínú Op. 60 ti Sor rọrùn tó láti fi tẹ́tí sí ohùn kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá ṣì ń ta gìtá òde òní pẹ̀lú rẹ̀, ẹ kò ní láti gé èékánná tán. Ẹ dín in kù títí ẹran yóò fi kọ́kọ́ kan okùn kí èékánná tó kàn án. Bí Aguado ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyẹn nínú ìwé rẹ̀ ti 1843.