Ipa akọni wo ni Ossie Davis kó nínú eré Bonanza?

Ossie Davis, òṣèré adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe àlejò nínú ìpín kan tí wọ́n pè ní “The Wish” nínú Bonanza, eré orí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC gbé jáde ní ọdún 1969. Michael Landon, tí àwọn olùwòran mọ̀ sí Little Joe, ni ó kọ ọ́, òun náà ni ó sì darí rẹ̀. Davis ṣe Sam Davis, ẹni tí ó ti ṣe ẹrú rí, tí ó ń dá oko pẹ̀lú ìdílé rẹ̀ lákòókò ọ̀dá, tí Hoss, ẹ̀gbọ́n Little Joe nínú eré náà, sì ń gbìyànjú láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Kì í ṣe ìbọn yíyìn ni ó sọ ọ́ di akọni lójú tèmi, bí kò ṣe pé kò gbà kí ẹ̀tanú gba iyì rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, nígbà tí ọmọ tirẹ̀ gan-an ń fẹ́ kí bàbá òun jẹ́ aláwọ̀ funfun. Ossie Davis yìí kan náà ni ó darí fíìmù Kongi's Harvest ti ọdún 1970, èyí tí a gbé ka eré Wọlé Ṣóyínká, tí Ṣóyínká fúnra rẹ̀ sì ṣe Kongi nínú rẹ̀.