Ìlépa Ọ̀dọ́ Akọrin

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ọmọ ọdún 19 ni mí, mo ń kọrin jùjú níbi ìkómọ àti ìgbéyàwó ní Kúbwà, l'Ábùjá. Ṣé mo lè di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká kí ọdún yìí tó parí?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, má fi òkìkí ṣe ìlépa, nítorí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ. Ní 1967 ni King Sunny Adé, tó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ Moses Ọláìyá, dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó di 1982 kí ilé-iṣẹ́ Island tó gbé àwo rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ ni pé kí o kọ orin mẹ́ta tó jẹ́ tìrẹ pátápátá kí Kérésìmesì tó dé, kí o gbà wọ́n sórí fóònù, kí o sì fara balẹ̀ gbọ́ ibi tí ohùn rẹ ti ń já. Mo sì bẹ̀ ọ́, bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò bá dára lóde àríyá, má fi ariwo dípò rẹ̀, kí ohùn rẹ má baà ha.