Fọ́ọ̀mù kọ́ ló ń wo ọmọ

Ìbéèrè: Mo ní jẹ́lé-ó-sinmi ní Ìbàdàn. Mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ mi mọ bí wọ́n ṣe lè máa ṣàkíyèsí àwọn ọmọ dáadáa. Ẹnìkan ń ta fọ́ọ̀mù oníbéèrè 60 fún wa, pẹ̀lú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan. Ó ní fọ́ọ̀mù náà ni wọ́n ń lò ní England. Ṣé ká rà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ má rà á. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè yìí ná? Ní England tó ń dárúkọ, ìlànà EYFS, ìyẹn òfin tó de ẹ̀kọ́ ọmọdé níbẹ̀, sọ pé kí ìwé kíkọ má pọ̀ jù, kí ó má gba olùkọ́ lọ́wọ́ ọmọ.

Ohun tó ń ba àkíyèsí jẹ́ lọ́dọ̀ wa ni pé olùkọ́ ti dájọ́ kó tó wò. Ẹ ṣí ìwé wọn wò: "Olóríkunkun ni." "Ó ya ọ̀lẹ." Ojú wo ló rí ìyẹn? Ohun tí ojú rí rèé: "Ó ń to búlọ́ọ̀kù. Mo pè é láti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, kò yíjú. Mo fọwọ́ kàn án léjìká, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín." Bí irú èyí bá ń wáyé léraléra, kí òbí gbé e lọ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Omi lè wà lẹ́yìn ìlù etí ọmọ kó má sì dùn ún rárá. Ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn o. Kí olùkọ́ kankan má dárúkọ àìsàn fún òbí lẹ́nu géètì; iṣẹ́ dókítà nìyẹn. "Autism" (ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà) tí wọ́n ń pè kiri yẹn ti sú mi.

Bí ẹ ṣe máa kọ́ wọn ò ná yín lówó. Kí olùkọ́ méjì tàbí mẹ́ta wo ọmọ kan náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí oníkálukú kọ tirẹ̀ láìwo ti ẹnìkejì. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọlé, ẹ kà á sókè, kí ẹ máa bi wọ́n pé, "Kí lo rí tó o fi pè é ní ọ̀lẹ?" Ọ̀rọ̀ tí kò bá ní ìdáhùn, ẹ fagi lé e. Ẹ máa ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún táàmù kan gbáko. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló máa ń bínú jù. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á rọ̀.

Àmọ́ bí olùkọ́ kan bá ń dá ọmọ 40 mú, ẹ kọ́kọ́ gba ènìyàn sí i. Ọmọ 25 ni ìlànà ìjọba àpapọ̀ fún olùkọ́ kan.

Bí ẹ bá fẹ́ lo fídíò, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ òbí ní kíkọ sílẹ̀. Òfin ààbò dátà ti 2023 ò fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ ọmọdé, WhatsApp ilé ìwé kì í sì í ṣe ibi tí wọ́n ń tọ́jú irú fídíò bẹ́ẹ̀.