Kí ni ìtumọ̀ "ìbúra mẹ́ta" tí Rábì Teitelbaum ń tẹnu mọ́?

Ẹni tí ó béèrè ọ̀rọ̀ yìí ní wọ́n sọ fún òun pé torí ìkórìíra Jerúsálẹ́mù ni Rábì Joel Teitelbaum, tí ó jẹ́ olórí Satmar nígbà ayé rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ kan láàrin àwọn Júù Haredi tí wọ́n di òfin ẹ̀sìn mú gírígírí, ṣe tako àwọn Síónísì, ìyẹn àwọn tí ó dá orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì sílẹ̀. Irú àlàyé báyìí máa ń bí mi nínú. Ta ni ó kórìíra ìlú tí ó ń dárúkọ nínú àdúrà lójoojúmọ́?

Orí ìbúra ni ọ̀rọ̀ náà dúró lé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Orin Sólómọ́nì mú kí àwọn ọmọbìnrin Jerúsálẹ́mù búra pé wọn kò ní jí ìfẹ́ títí yóò fi wù ú. Inú rẹ̀ ni àwọn àgbà Talmud, ìyẹn ìwé òfin àti ẹ̀kọ́ àwọn rábì àtijọ́, nínú ìpín rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Ketubot, ti fa ìbúra mẹ́ta yọ: kí àwọn Júù má gòkè lọ sí ilẹ̀ náà "bí ògiri", kí wọ́n má ṣọ̀tẹ̀ sí àwọn orílẹ̀-èdè, kí àwọn orílẹ̀-èdè náà má sì ni wọ́n lára jù.

"Bí ògiri" yẹn ni kí ẹ dì mú. Amọ̀ tí ó wà nílẹ̀ kì í ṣe ògiri. Ìgbà tí a bá mọ ọ́n lé ara wọn ni ó di ògiri. Nítorí náà, Júù kan lè lọ gbé ibẹ̀, kí ó gbàdúrà, kí wọ́n sì sin ín síbẹ̀. Èèwọ̀ ni kí gbogbo wọn para pọ̀ fi agbára gba ilẹ̀ kí Mèsáyà tó dé. Àwọn rábì mìíràn ní ìtàn lásán ni ìbúra náà, kì í ṣe òfin. N kò ní fi àyè ṣòfò lórí ìyẹn. Àwa tí a ti sọ ìbúra di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lóde òní ni kò lè yé.

Ìlú Sighet ni wọ́n ti bí Teitelbaum ní 1887, ó sì di rábì ìlú Satmar ní 1934. Ní 1944, ọkọ̀ ojú irin tí Rezső Kasztner, Síónísì pọ́ńbélé, bá àwọn Násì Jámánì dúnàádúrà lé lórí ni ó gbé Teitelbaum là lọ́wọ́ ikú, àwọn alátakò rábì náà kò sì yé fi èyí gún un lára. Kò yí ohùn padà. Ó gbé Jerúsálẹ́mù fúngbà díẹ̀, ó kọjá sí Brooklyn, ní New York, ní 1946, ó sì kọ̀ fún àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ láti dìbò ní Ísírẹ́lì tàbí gba owó ìjọba ibẹ̀. Ìpín àkọ́kọ́ ìwé rẹ̀, Vayoel Moshe, dá lórí ìbúra mẹ́ta yìí nìkan.